Ọ̀já Tí Wọ́n Fi So Màmá Mọ́ Àga

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, àmọ́ mẹ́rin nínú wọn jọra débi pé ńṣe ló dà bíi pé inú ilé kan ni wọ́n ti jọ kọ ọ́, ni mo bá sún ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ orúnkún àti ìtọ̀ ṣúgà sẹ́yìn ná, ẹ má bínú, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa tí iyè wọn ti ń ra, tí wọ́n wá ń gbé pẹ̀lú àwọn àgbà míì nílé ìtọ́jú, la fẹ́ sọ. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ òru ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí ohùn mi bá wá le díẹ̀, ẹ fojú fò ó.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ Òkèlélé n'Ílọrin ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi dé Àbújá. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 81, ìkòkò ni wọ́n ń mọ ní àdúgbò Dada níbẹ̀ títí ọwọ́ wọn ò fi gbé e mọ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣarán, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí. A gbé wọn sí ilé àwọn arúgbó kan n'Ílọrin, owó tá à ń san ò sì kéré. Ní Jímọ̀ tó kọjá mo yọ sí wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo bá wọn lórí àga, wọ́n ti fi ọ̀já gbà wọ́n nídìí mọ́ àga ọ̀hún, ọwọ́ wọn ti bó níbi tí wọ́n ti ń fà á. Àwọn òṣìṣẹ́ ní wọ́n ti jáde lóru ẹ̀ẹ̀mejì, pé ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti rí wọn tí wọ́n ń pariwo pé ìkòkò àwọn wà nínú iná. Wọ́n ní kí nǹkan má baà ṣe wọ́n làwọn fi so wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é? Ṣé kí n gbé wọn kúrò ńbẹ̀? (Ọmọ Ìyá Oníkòkò)

ÌDÁHÙN: Wàálékúmù sàlámù, ọmọ mi. Rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ, kí wọ́n wá fi so ìyá ọmọ mọ́ àga, mo ka lẹ́tà ẹ tán, mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ yẹn díẹ̀, torí mo ti dé ibi tí wọ́n wà rí. Lóru, èèyàn méjì lè máa ṣọ́ àgbà ogún, wọ́n ti mú iná lọ, ẹnì kan ti tọ̀ sára, ẹnì kan ń bì, ẹnì kẹta ti dé ìdí géètì. Èmi gan-an ti so èèyàn rí. A fi bándéèjì so ọwọ́ bàbá kan mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n má baà fa dírípù yọ, mo ní kí n lọ wo ẹlòmíì kí n tó padà, ìgbà tí mo máa dé, bàbá ti yọ̀ wálẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ló gbé wọn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ìka wọn ti wú, ó ti dúdú, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń wò mí. Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú síso èèyàn.

Ẹni tí wọ́n so á fẹ́ já ara ẹ̀ gbà, bó bá ṣe ń jà á máa yọ̀ wálẹ̀, ọ̀já tó wà nídìí á wá gòkè sí àyà, á gòkè sí ọrùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kú. Tí kò bá jà, ìjókòó ojú kan á dá egbò sí ìdí, ẹsẹ̀ á rọ, ìgbẹ́ á gan, bí wọ́n bá sì tú u lọ́jọ́ kejì, á ṣubú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Irin tí wọ́n ń gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ńkọ́? Ẹni tí iyè ẹ̀ ti ra ò mọ̀ pé torí kóun má ṣubú ni, á gun un, ibi gíga ló sì ti máa já wálẹ̀.

Ìyá ẹ tó ń fi orúkọ òkú pè ẹ́, má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Obìnrin tí wọ́n tipasẹ̀ ẹ̀ mọ àrùn arán tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, Auguste Deter lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún 51 ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ní Frankfurt, ní Jámánì, lọ́dún 1901. Dókítà Alois Alzheimer bi í pé kí lorúkọ ọkọ ẹ̀, orúkọ ara ẹ̀ ló dá lóhùn. Á máa gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì kiri inú wọ́ọ̀dù bí ẹni tí kò rí ibi tó máa tẹ́ ẹ sí. Ó kú lọ́dún 1906. Kò sí ọ̀kankan nínú ohun tí màmá ẹ ń ṣe tó jẹ́ tuntun, wọn ò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Wá gbọ́. Ẹni tó dìde tó ń rìn, nǹkan ló ń wá. Ìkòkò wọn wà nínú iná, wọ́n ti sọ fún yín, ẹ ò gbọ́ ni. Ẹni tó ti fi ogójì, àádọ́ta ọdún sun ìkòkò mọ̀ pé tí òun bá fi iná sílẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ti wọmi, ẹ wá ní kí ó jókòó, ẹ tún so ó mọ́ àga lójú iná. Ta ni ò ní jà? Ohun tí màá ṣe nìyí: màá ní kí ẹnì kan lọ bu amọ̀ wá láti Dada, amọ̀ gidi, kó má tíì gbẹ, màá gbé e sínú abọ́ níwájú wọn ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú omi díẹ̀ àti àkísà. Wọn ò ní mọ ìkòkò kankan yọrí o. Àmọ́ wò ó, wàá rí i tí àtàńpàkò yẹn á máa fọ́n etí amọ̀ jáde, tí wọ́n á rẹ ọwọ́ sómi, tí wọ́n á tún fi ẹ̀yìn ìka dán an, ọwọ́ ò gbàgbé bí orí ṣe ń gbàgbé. Tí wọ́n bá ní iná ńkọ́, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ dáhùn pé "Màmá, a ti pa á, gbogbo ẹ̀ ló jinná, kò sí èyí tó sán." Àwọn kan máa ní irọ́ nìyẹn. Èmi ò kà á sí irọ́, jàre.

A ní bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè l'Ọ́fà, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n máa ń dìde wọ bàtà. A ti bá wọn jà, a ti tilẹ̀kùn mọ́ wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọlu ilẹ̀kùn yẹn tí ilé ò fi ní sùn. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ òru ló sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé "Bàbá, rélùwéè ò tíì kúrò l'Óṣogbo o." Bàbá pòṣé, wọ́n ní "wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," wọ́n bá jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n sùn lórí àga. Ẹni tó bá mọ rélùwéè ilẹ̀ wa mọ̀ pé kò sẹ́ni tí kò ní gba ìyẹn gbọ́.

Ti ìrun náà nìyẹn. Ẹni tó ti fi ọgọ́ta ọdún dìde kírun Àsùbáà, ara ẹ̀ á jí i, tó bá wá jí i laago méjì òru, omi àlùwàlá ló ń wá kiri yẹn. Ẹ jẹ́ kí búútà wà níbi tó ti lè rí i, kí ilẹ̀ gbẹ, kí ẹnì kan dúró tì í, tó bá kírun tán á padà sùn. Ilé tó bá ní kò tíì tó àkókò, padà lọ dùbúlẹ̀, ìjà ló ń wá.

Mi ò ní kí wọ́n fi géètì sílẹ̀ gbayawu o. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àgádágodo. Ilé kan wà tí mi ò ní dárúkọ, gbogbo ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n fi àgádágodo tì. Sítóòfù gbiná ní kíṣìnì lọ́wọ́ ìdájí, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mègádì, mègádì ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, àgbà mẹ́tàlá wà nínú ilé, èéfín ti ń wọ kọ́ríidọ̀. Blánkẹ́ẹ̀tì tútù la fi pa á, Ọlọ́run ló yọ wá, ìgbà tí mègádì máa dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, mi ò lè bú u, torí kì í ṣe òun ló ṣe òfin yẹn. Gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Kẹ́ ẹ sì wá so ṣaworo mọ́ ilẹ̀kùn, kì í wọ́n, kò nílò iná mànàmáná, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i, gbogbo ilé á gbọ́. Ẹ kun ilẹ̀kùn tó jáde síta ní ọ̀dà kan náà pẹ̀lú ògiri, ojú wọn á fò ó, kẹ́ ẹ wá kun ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọ̀dà tó yàtọ̀ kí wọ́n lè rí i. Mo gbọ́ tí àwọn ilé ìtọ́jú kan ní Jámánì ṣe ibùdókọ̀ síwájú ilé, bọ́ọ̀sì kankan kì í débẹ̀, àgbà tó bá fẹ́ máa lọ sílé á lọ jókòó síbẹ̀, wọ́n á bá a tàkúrọ̀sọ títí á fi gbàgbé ibi tó ń lọ. Wọ́n gbọ́n.

Nǹkan tó ń pa wọ́n nínú ilé gan-an kò jọ nǹkan ńlá. Kànga tí wọ́n kàn fi páànù bò. Kẹrosíìnì tàbí òtapíapíà tí wọ́n rọ sínú ike omi, wọ́n á gbé e mu, ọmọdé àti arúgbó ló ń ṣe é. Omi gbígbóná nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Táìsì tó ń yọ̀, pẹ̀lú sílípáàsì tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ. Rọ́ọ̀gì dúdú lẹ́nu ọ̀nà, ihò ni lójú wọn, wọ́n á fẹ́ fò ó, wọ́n á ṣubú. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ara wọn kì í balẹ̀ mọ́, ẹ tan iná kí òkùnkùn tó dé, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ àbẹ́là, òjìji tó bá ń jó lára ògiri, èèyàn ni lójú wọn.

Ní ti kí o gbé wọn kúrò, má tíì gbé wọn. Ilé tuntun á tún da orí wọn rú sí i, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibì kan ni wọ́n ń sọnù jù. Lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni o, bi í pé èèyàn mélòó ló ń ṣọ́ òru, wákàtí mélòó mélòó ni wọ́n ń kà wọ́n, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ìwé náà hàn ẹ́. Kó gbé ọ̀já yẹn fún ẹ lójú ẹsẹ̀. Gbé amọ̀ lọ. Kí ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan kan tó wà n'Ílọrin máa yọ sí wọn lọ́jọ́ tí wọn ò retí. Tí ọ̀já bá tún jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó ẹrù wọn.

ÌBÉÈRÈ: Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé, mò ń bá wọn ṣiṣẹ́ nílé arúgbó. Bàbá méjì ló wà nínú rúùmù kan, ọ̀kan máa ń wọ bẹ́ẹ̀dì ìkejì lóru, ìkejì sì ti fi ọ̀pá ìtilẹ̀ lu u lórí. Wọ́n tún pààrọ̀ eyín, ẹ má rẹ́rìn-ín mà, eyín ọ̀kan wà lẹ́nu ìkejì fún ọjọ́ méjì kí a tó mọ̀. Kí la máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Mo ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó kà á dé bẹ́ẹ̀ o, ẹ dárí jì mí. Ẹ kọ orúkọ sára eyín, dókítà eyín á bá yín ṣe é, kí ife eyín kálukú ní àwọ̀ tirẹ̀.

Ti orí tí wọ́n fi ọ̀pá lù yẹn ni kì í ṣe ẹ̀rín. Ṣé dókítà ti rí bàbá yẹn? Àgbàlagbà tí nǹkan bá bà lórí, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó fara hàn, ẹ á rò pé arán ló ń pọ̀ sí i. Bó bá ń tòògbé ju ti tẹ́lẹ̀, tó ń bì, tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́, ẹ má dúró di àárọ̀, gbé e lọ. Kẹ́ ẹ sì pe àwọn ọmọ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ má fi pamọ́.

Ẹ wò ó láti ojú ẹni tó lu èèyàn. Ó sùn, òkùnkùn ṣú, ẹnì kan fa aṣọ lára ẹ̀, ó ń wọlé tì í. Olè ni lójú ẹ̀! Èyí tó ń wọ bẹ́ẹ̀dì náà ò wá ìjà, ó ti lọ tọ̀ ni, kò wá mọ bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ mọ́. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ tí rúùmù bá wà. Tí kò bá sí, kí èyí tó ń rìn wà nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí iná kékeré kan wà láàrin, kẹ́ ẹ gbé nǹkan tó mọ̀ dunjú kọ́ sókè orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà o, kì í ṣe orúkọ, fìlà ẹ̀ tàbí fọ́tò tó yà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, torí bàbá tó wà nínú dígí lónìí, kò mọ ìyẹn. Bí dígí ńlá bá wà nínú rúùmù, ẹ fi aṣọ bò ó, ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé àlejò ló ń wo àwọn. Tí wọ́n bá ti ń fa nǹkan mọ́ra wọn lọ́wọ́, ẹ má bọ́ sí àárín wọn kẹ́ ẹ máa pariwo, ẹ pe ọ̀kan jáde wá jẹun.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀fà ni mí. Ilé tí bàbá mi wà ní kí n ra oògùn oorun torí wọn kì í jẹ́ kí àwọn yòókù sùn. Ẹni tó ń ta oògùn fún mi ní oríṣi méjì. Láti ìgbà yẹn wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò sì jẹun mọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kó àwọn oògùn yẹn, àti páálí wọn, kẹ́ ẹ gbé bàbá lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, ní jẹ́nẹ́rà yín níbẹ̀ tàbí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òsé. Ẹ má dá a dúró fúnra yín lójijì, òmíràn wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, gìrì á gbé wọn.

Oògùn àwọn tí orí wọn dàrú, irú haloperidol àti risperidone, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oògùn ti kìlọ̀ láti ọdún 2005 lórí àwọn tuntun, wọ́n tún fi àwọn ti àtijọ́ kún un lọ́dún 2008, pé ó ń yára pa àwọn àgbà tí iyè wọn ti ra. Dókítà ṣì lè fún wọn ní ìwọ̀nba, tó bá di pé wọ́n fẹ́ ṣe ara wọn tàbí ẹlòmíì léṣe, fún àkókò díẹ̀, kó máa wò wọ́n. Ti kẹ́míìsì kọ́. Piriton àti Phenergan tí gbogbo ayé ń lò fún oorun náà máa ń da orí àgbà rú sí i, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìyẹn.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi yín ni pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Arán kì í ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń sùn dáadáa lóṣù tó kọjá, tí wọ́n wá ń pariwo lóru lọ́sẹ̀ yìí, nǹkan ló ń dùn wọ́n tí wọn ò lè sọ. Ìtọ̀ tó ní kòkòrò, ibà, àyà tó dí, eyín tó ń ro wọ́n, ìgbẹ́ tí wọn ò yà fún ọjọ́ mẹ́fà, omi tí wọn ò mu. Mo ti rí bàbá tó ń gbá ògiri lóru fún ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ ni. A fún wọn ní oògùn ẹ̀, wọ́n yà á, wọ́n kí wa lẹ́nìkọ̀ọ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, l'Ájásẹ́-Ìpo níbí, ìyá àgbà kan jáde nílé ìtọ́jú lóru, wọ́n bá a nínú agboolé onílé ní ìdájí, ìhòòhò ló wà, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ní ẹyẹ ló jábọ́, pé àjẹ́ ni. Ìyàwó pásítọ̀ kan ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni pé àrùn òyìnbó ni arán yìí, pé tiwa ní ọwọ́ ayé nínú?

ÌDÁHÙN: Ọlọ́run bùkún obìnrin yẹn. Àrùn ni, kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Lọ́dún 2021, nǹkan bí mílíọ̀nù 57 èèyàn ló ní in láyé yìí, ó sì ju ìdajì wọn lọ tó ń gbé ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn dókítà UCH Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn n'Íbàdàn, èsì tó jáde lọ́dún 2001 ni pé Alzheimer ń mú àwọn tiwa náà, àmọ́ kò pọ̀ tó bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Kíyè sí i, àwọn àgbà Yorùbá ni wọ́n kà, wọ́n rí i lára wọn, kò sí ẹyẹ kankan nínú ẹ̀.

Bí irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ bá tiẹ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun lọ sí ìpàdé lóru, àlá àti ìrántí ló dàpọ̀ mọ́ra lórí ẹ̀. Ẹ má gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ẹni tí kò mọ ọjọ́ tó jẹ́ lónìí.

Kí ọ̀gá ilé yẹn má dúró di ìgbà míì. Kó mú fọ́tò àwọn àgbà tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ bá baálẹ̀, ìmáàmù, pásítọ̀, àwọn fijilanté, àti àwọn ọlọ́kadà ìdí gáréèjì, àwọn ọlọ́kadà gan-an ló ń kọ́kọ́ rí wọn. Tí ẹnì kan bá sọnù, wọn ò gbọ́dọ̀ ní káwọn fi di àárọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, balùwẹ̀, ìdí kànga, ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n wo gbogbo ẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí wọ́n gba ọ̀nà tó lọ sí ilé tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n sì fi okùn àti abẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà fóònù ilé sínú ìgbátí ìró àti bùbá kálukú wọn, báírò máa ń ṣí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́.